Ẹ Wá Jẹun ní Odi-Òkun

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ wọlé wá jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn kì í jẹun níta níbí."

Obìnrin tó ń yan ẹja ló ń bẹ̀bẹ̀ báyìí, ó na ọwọ́ sí inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojúọlápé yọrí wo ibẹ̀. Wọ́n ti fi pákó pín inú rẹ̀ sí kéékèèké bíi ti ilé adìyẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àga kan ṣoṣo, gbogbo àga ló sì kọjú sí ògiri. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń jẹun, ẹ̀yìn wọn nìkan lèèyàn ń rí. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀.

"Ẹja ni mo sanwó rẹ̀," ni Ojúọlápé wí. "N ò sanwó ẹ̀wọ̀n."

"Màmá, nítorí yín ni mo ṣe ń sọ ọ́."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n òkun ni mo wá wò láti Òkè-Ẹ̀rín. Bó bá jẹ́ ògiri ni, ó wà nílé."

Obìnrin náà wo ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀gbà aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń fi sọ́wọ́ àwọn adárìn ní ibodè, ìyẹn àwọn àlejò tó bá dá wọ ìlú láìsí ẹnìkejì. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbà náà létí. Ó sì létí lóòótọ́.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń jẹ ẹ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà jẹ ẹ́ tán."

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ta ní í sọ irú ẹ̀ fún Ojúọlápé? Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá jáde lọ ra iyọ̀ ní Òkè-Ẹ̀rín, ọbẹ̀ á ti jóná kó tó kí ènìyàn tán lójú ọ̀nà! Ó gba ẹja rẹ̀ nínú ewé, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó lórí odi.

Odi náà fẹ̀ tó títì. Lápá kan, ìlú wà nísàlẹ̀, àwọn òrùlé funfun rẹ̀ ń dán. Lápá kejì, òkun ga ju ìlú náà lọ. Ojúọlápé wo méjèèjì, ó mi orí. Ẹni tó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ òkun, tó tún ń rí oorun sùn níbẹ̀, ẹni náà láyà.

Láti àárọ̀ ló ti ń gbádùn ara rẹ̀. Ó ti wẹ̀ nínú adágún omi iyọ̀ tí wọ́n fi gíláàsì mọ, níbi tí ẹja ti ń wo èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti wọ ọkọ̀ onígíláàsì lọ sórí ìlú àtijọ́ tó ti rì pátápátá, àtafárá, àtòrùlé, àtòpó iná. Pátákó onídìrí kan ṣì dúró lábẹ́ omi níbẹ̀. Orí àwọn obìnrin tí wọ́n yà sára rẹ̀ ṣì hàn, ti ṣùkú wà níbẹ̀, ti kòròbá wà níbẹ̀, ẹja ń gba iwájú wọn kọjá. Àwọn yòókù nínú ọkọ̀ ń ya fọ́tò. Ojúọlápé ò ya nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó, inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, ó sì tún dùn, torí kò sí ẹni tó ń pè é. Kò sí "Ìyá, níbo lẹ gbé ìgbálẹ̀ sí?" Kò sí "Ìyá, ṣé ẹ ti lo oògùn?" Láyé rẹ̀, kò tíì dá jókòó síbì kan rí kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbídùnní ọmọ rẹ̀ ló lé e jáde nílé. "Ìyá, ẹ lọ rí òkun kí ọmọ yìí tó dé," ló wí, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ti yọ síwájú. "Bó bá ti dé, ẹ ò ráyè yọ ẹsẹ̀ mọ́." Bẹ́ẹ̀ ni Ojúọlápé ṣe di adárìn lọ́jọ́ ogbó. Ìrọ̀lẹ́ òní ni ọkọ̀ òkè, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò gòkè, máa gbé e padà.

Ó ti jẹ apá kan ẹja náà tán, ó ń wá ibi tó máa gbà ya orí rẹ̀, nígbà tí bàbá kan ń bọ̀ lórí odi. Ènìyàn tín-ín-rín ni, irun rẹ̀ funfun, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Okùn àwọ̀n ló fi hun sálúbàtà rẹ̀. Kò wo ẹja. Iwájú ló ń wò, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ Ojúọlápé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀.

"Ẹ wá jẹun o, bàbá," ni Ojúọlápé wí.

Kò rò ó. Kí ló fẹ́ rò níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa, tí ènìyàn bá bá a níbi oúnjẹ, ẹnu rẹ̀ á ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ẹni tí wọ́n pè náà mọ̀ pé kì í ṣe pé kí òun wá. Á ní, "Ẹ máa jẹ o, á gba ibi ire," á kọjá lọ. Ebi ì báà máa pa á kú lọ, ohun tó máa sọ nìyẹn. Ọmọ tó bá lọ jókòó ti oúnjẹ olóúnjẹ nítorí pé wọ́n ní kó wá, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú.

Bàbá yìí ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró gbagidi.

"Ṣé èmi lẹ ń bá wí, ìyá?"

"Ta ló tún wà níbí? Ẹ wá jẹun."

Ó wá. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ojúọlápé lórí odi, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, kí Ojúọlápé sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ń da omi inú ìgò rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Bàbá náà bu ẹja, ó fi sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ojúọlápé la ẹnu sílẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ bínú, kò mọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ̀gbà gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ ewé di pupa. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú rẹ̀, ohùn dídùn, bíi ti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ.

"Ẹ kú ọ̀làwọ́, ìyá. Ẹ dá wọlé, ẹ ti di méjì. Akínfọlárìn, ará Ẹ̀yìn-Odi, ti jẹ oúnjẹ yín lẹ́yìn ìpè yín. Ọrùn yín ló wà. Ẹ jọ fara hàn ní ibodè kí ọkọ̀ òkè tó gbéra."

Lẹ́yìn wọn, obìnrin ẹlẹ́ja ké "Yéè!" ó sì fa fèrèsé rẹ̀ dé.

"Kí ni nǹkan yìí ń wí?" ni Ojúọlápé béèrè. "Ta ló di méjì? Ọrùn ta ló wà?"

Bàbá náà nu ẹnu rẹ̀. Omi ti gba ojú rẹ̀. "Ìyá, èmi ni Akínfọlárìn tó dárúkọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, ẹ lè bínú bó ṣe wù yín."

"Mo ti ń bínú. Ẹ máa ṣàlàyé lọ."

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ yẹn."

Ojúọlápé tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Lápá òkun, àwọn ilé pákó so mọ́ ẹsẹ̀ odi, wọ́n léfòó, ìgbì ń gbé wọn lu ara wọn. Aṣọ tí wọ́n sá síbẹ̀ tutù rinrin, ó dà bíi pé kò gbẹ rí. Ìwúkọ́ ń dún láti ibẹ̀, tọmọdé tàgbà.

"Ẹ̀yìn-Odi nìyẹn," ni Bàbá Akínfọlárìn wí. "Àwa la ni ìlú tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé yín lọ wò. Nígbà tí wọ́n ń mọ odi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi wá sí."

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé? Kí ló dé tí ẹ ò gòkè lọ?"

"Òfin ni. Ẹni tó bá nílé níbi gbígbẹ nìkan ló lè gbà wá, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ pè wá jẹun. A ò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́. A ò gbọdọ̀ tọrọ. A ò tiẹ̀ gbọdọ̀ wo oúnjẹ rẹ̀. A kàn lè máa rìn kọjá. Wọ́n ní òfin àánú ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irun mi ṣì dúdú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kọjá."

Ojúọlápé yíjú wo ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja, ó rántí àwọn ẹ̀yìn tó tò síbẹ̀, àwọn ojú tó kọ ògiri. Ó wá yé e.

"Àwọn ará ìlú ti mọ̀," ni bàbá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn tó ń ti òkè wá náà, ẹ̀rọ máa ń kìlọ̀ fún wọn ní ibodè. Ṣé kò kìlọ̀ fún yín?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Èmi ń wo òkun ní tèmi."

"Ah."

"Ẹ má ṣe 'ah' fún mi!" Ojúọlápé dìde dúró. "Ẹ dẹ mí! Ẹ̀yin àgbàlagbà, ẹ dẹ mí bí ẹni dẹ pàkúté fún òkété! Ṣé wọn ò tọ́ yín ni? Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá jẹun, ṣé kí ẹ wá ni?"

"Wọ́n tọ́ mi. Ìyá mi ì bá nà mí lónìí," ni bàbá náà wí. "Mo dẹ yín lóòótọ́, ìyá. N ò ní parọ́ fún yín."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn? Ẹni tó jẹ̀bi tó sì ní òun jẹ̀bi, ó ti gba igi lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ nà án. Ojúọlápé padà jókòó.

"Ó dáa. Ẹ̀rọ yìí ní ká jọ lọ sí ibodè. Bí mo bá dé ibẹ̀, tí mo ní ìpè ẹnu lásán ni ńkọ́? Torí ìpè ẹnu lásán ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ láṣẹ láti sọ ọ́. Wọ́n á tiẹ̀ bi yín bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọn ò ní fi nǹkan kan ṣe yín."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá Akínfọlárìn wo ilẹ̀. Láti abẹ́ odi, ariwo kan ń hó tí Ojúọlápé ti ń gbọ́ láti àárọ̀ tó rò pé òkun ni. "Ẹ ń gbọ́ ìyẹn? Ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò lábẹ́ ìlú nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹni tí wọ́n bá sẹ́ lọ, kí ó lọ máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bí kò bá sí ìyẹn, gbogbo wa la máa wá dúró sídìí oúnjẹ àlejò."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń jáde?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ibodè jìnnà díẹ̀."

Ojúọlápé dìde. Ó fẹ́ ju ẹja tó kù nù, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á. Ó tún un dì sínú ewé, ó sì nà án sí bàbá náà. Bí a ti ń bínú sí ènìyàn náà la máa jẹ́ kó yó.

Wọ́n jọ rìn lórí odi. Ohun tó ṣeni láàánú níbẹ̀ ni pé bàbá náà ṣe é bá rìn. Ó mọ orúkọ gbogbo atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí òkun. Ó fi ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà hàn án lábẹ́ omi, ibi tí iléèwé wọn wà, ibi tó ti kọ́kọ́ wọ bàtà. Nígbà tí Ojúọlápé sọ ti pátákó onídìrí, bàbá náà pariwo.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni! Èmi ni mo gbé àkàbà fún ẹni tó yà á. Ẹ rí èyí tó wà ní igun, tí ojú rẹ̀ wọ́? Wọ́n ní òun ni. Ó bá ayàwòrán yẹn jà títí ilẹ̀ fi ṣú!"

Ojúọlápé rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kàn bọ́ ni.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni pé bí ọyẹ́ bá dé lókè, ètè máa ń là?"

"Ètè nìkan kọ́. Ẹsẹ̀ á là, ọwọ́ á funfun, imú á gbẹ. Òórí tàbí àdí lèèyàn á máa fi ra ara."

"Mo fẹ́ kí ètè mi là," ni bàbá náà wí. "Ara mi ò gbẹ rí láti ìgbà tí mo ti di àgbà. Aṣọ tí mo wọ̀ yìí, tutù ni mo wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí eruku bò mí."

Ojúọlápé ò lè dákẹ́ mọ́. Kì í ṣe obìnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ sínú.

"Bàbá, ẹ gbọ́. Iná mẹ́rin ló wà lórí ilẹ̀kùn ilé wa. Gbogbo ilé lókè ló ní tirẹ̀, iná kan fún ẹnì kan, omi kan fún ẹnì kan. Wọn kì í fi kún un. Tèmi ń tàn, ti Ìbídùnní ọmọ mi ń tàn, ti ọkọ rẹ̀ ń tàn."

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́?"

"Ti ọkọ mi ni. Iná náà kú lọ́jọ́ tí a sin ín. Ìgbà tó kú ni wọ́n tó gba Ìbídùnní láyè kó lóyún."

Bàbá náà dúró.

"Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ," ni Ojúọlápé wí. "Bí mo bá mú yín dé ilé, ẹ̀yin ni iná yẹn máa tàn fún. Ọmọ tí wọ́n bá bí sílé tí kò sí iná fún, ìjọba ló máa ń gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ń tọ́ ọ níbòmíràn. Kì í mọ ìyá. Ìyá kì í mọ̀ ọ́n."

Atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ lára wọn. Bàbá Akínfọlárìn di ewé ẹja náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"N ò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀," ló wí.

"Ẹ ò lè mọ̀."

"Mo máa ń wo ojú ènìyàn kí n tó rọra rìn. Ẹ̀yin, mo rí i pé ẹ yó, ara yín balẹ̀, mo ní ilé yín máa láyè." Ó gbójú sókè wo Ojúọlápé. "Ìyá, mo mọ ohun tí ẹ̀ ń retí. Ẹ̀ ń retí kí n ní, 'Ó dáa, ẹ sẹ́ mi, kò burú.' N ò lè sọ ọ́. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ lọ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ báyìí láyé tó kọjá kí n bá yín lọ."

Ojúọlápé gbà á gbọ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. Ì bá rọrùn fún un ká ní ènìyàn burúkú ni.

Nígbà tí ibodè yọ lókèèrè, ó sọ fún ẹ̀gbà pé kó bá òun pe Ìbídùnní. Bàbá náà rìn síwájú díẹ̀ kó má baà gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbà ń dún sókè, kò sí bó ṣe lè ṣe kó má gbọ́.

"Ìyá mi! Ṣé ẹ ti rí òkun yó?"

"Mo ti rí i. Ìbídùnní, mo ń jẹun, ni mo bá pe ẹnì kan wá jẹun."

Ìbídùnní ti gbọ́ nípa Odi-Òkun. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbọ́ gbogbo nǹkan. "Ẹ pe ẹnì kan," ló wí. "Ó sì wá?"

"Ó wá. Ó jẹ ẹ́. Bàbá àgbà kan ni. Wọ́n ní bí mo bá sẹ́ ẹ, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, kò sì ní jáde mọ́."

"Ìyá." Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. "Ìyá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ẹnu mi ni."

"Mo mọ̀. Èmi náà ì bá sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó fa imú. "N ò ní sọ pé kí ẹ ṣe báyìí tàbí kí ẹ ṣe báyẹn. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń ta ẹsẹ̀ báyìí, Ìyá. Ó ń ta á gan-an."

Ojúọlápé ní kí ó lọ dùbúlẹ̀, kí ó sì mu omi. Ohun tí ìyá máa ń sọ nìyẹn tí kò bá ní nǹkan kan láti sọ.

Ọmọbìnrin tó wà ní ibodè ń jẹ́ Kíkẹ́lọmọ, wọ́n kọ ọ́ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí Ojúọlápé, ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà pẹ̀lú, ó ní kí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ òkè ti wà lórí irin, àwọn èrò ń gbẹ́rù wọlé. Àwọn ọkùnrin méjì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn irin kan lápá òsì, ariwo omi ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn náà jáde.

"Ọmọ mi," ni Ojúọlápé bẹ̀rẹ̀, "bí èmi bá dúró síbí ńkọ́, kí bàbá yìí lọ lórí àyè tèmi?"

Ẹ má rò pé ó ń ṣe fújà. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, fún ìwọ̀nba ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fi wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kò ṣe é ṣe, ìyá. Ẹni tó pè wọ́n ló máa bọ́ wọn. Bí ẹ ò bá sí nílé, iná yín á kú, tiwọn náà á kú."

Ara tu Ojúọlápé. Ká sọ òótọ́, ara tù ú, ojú ara rẹ̀ sì tì í nítorí bó ṣe tù ú.

Kíkẹ́lọmọ mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo gbọ́dọ̀ béèrè, ìyá. Ṣé ẹ pe bàbá yìí jẹun, àbí ìpè ẹnu lásán ni?"

"Ìwọ náà, ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ọ ni? Ṣé o ò mọ bí a ṣe ń pe ènìyàn jẹun ni?"

"Wọ́n kọ́ mi, ìyá." Ọmọbìnrin náà ò gbé ojú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ bá fẹ́, ẹnu yín lẹ máa fi sọ ọ́. N ò lè bá yín sọ ọ́."

Fèrè ọkọ̀ dún. Bàbá Akínfọlárìn jókòó lórí àga, ó to ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ọmọ tó ń dúró de ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kò wo Ojúọlápé. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bóyá àdúrà ló ń gbà. Ojúọlápé wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀. Èyí ló burú jù níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó ti ń wo ibi tí ì bá jókòó sí ní iwájú ilé wọn, ó ti ń gbọ́ bí òun àti ọkọ Ìbídùnní ì bá ṣe máa jiyàn.

Ó yíjú padà sí Kíkẹ́lọmọ.

"Ẹnu lásán ni," ló wí.

Ẹ̀gbà gbọ̀n, ó padà di àwọ̀ ewé. "Ẹ ti di ọ̀kan, ìyá," ni ohùn dídùn yẹn wí. "Ẹ kú ìgbádùn."

Bàbá Akínfọlárìn kò pariwo. Ó fẹ́ dìde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúró, ẹ dúró ná," fún àwọn ọkùnrin méjì náà, wọ́n sì dúró títí tí mímí rẹ̀ fi padà wálẹ̀. Wọ́n gbé e dìde tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, bí wọ́n ṣe ń gbé bàbá wọn. Ojúọlápé ń sunkún láìbo ojú. Ó fẹ́ sọ pé kó dárí ji òun, ó sì mọ̀ pé ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ nǹkan tí òun tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kò sọ ọ́.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn irin. Òtútù àti òórùn iyọ̀ tú jáde. Bàbá náà yíjú padà.

"Ìyá Ìbídùnní."

"Bàbá."

"Bí ọmọ náà bá dé, kí ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀ kú ewu o."

Kíkẹ́lọmọ bo ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ojúọlápé nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn fún ẹja, ó sì dá a lóhùn bí a ti ń dáhùn ẹni tó bá rán ni ní ìkíni sí ọmọ ẹni.

"Wọ́n á gbọ́, bàbá," ló wí. "Wọ́n á gbọ́."